Níbo ni ìwé àlàyé wà fún ẹni tó fẹ́ kí prógíráàmù tirẹ̀ jí pẹ̀lú laptop?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan l'Óṣogbo:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń tún laptop ṣe ní agbègbè Òkè-Fìà. Púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n ń kó wá fún wa ni kò ní hard disk nínú, a kì í sì í lè yẹ̀ wọ́n wò dáadáa kí á tó sanwó. Mo gbọ́ èdè C díẹ̀. Mo fẹ́ kọ prógíráàmù kékeré kan tí yóò máa ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì bí mo bá ti tan ẹ̀rọ, láìsí Windows, láìsí Linux: kó yẹ ojú ẹ̀rọ wò, kó yẹ kíbọ́ọ̀dù wò, kó sọ iye RAM, kó sì sọ bóyá bátìrì ṣì lágbára. Mo wá ìwé àlàyé títí lórí ìkànnì àwọn tó ṣe laptop, ìwé bí a ṣe ń tú ẹ̀rọ nìkan ni mo rí. Ọ̀gá kan ní kí n ra irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sínú chip BIOS, pé inú ibẹ̀ ni prógíráàmù mi gbọ́dọ̀ wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ìwé tó tọ́ wà?"

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á fún ọwọ́ rẹ lágbára. Ohun tí o fẹ́ ṣe ṣeé ṣe, èdè C díẹ̀ tí o gbọ́ yẹn sì tó o bẹ̀rẹ̀. Ibi tí o ti ń wá ìwé ni kò tọ̀nà. Ẹni tó ṣe laptop kò kọ ìwé tí ò ń wá, torí òun kọ́ ló ni ìlànà tí ẹ̀rọ rẹ̀ fi ń jí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló jọ ni ín. Wọ́n jọ jókòó, wọ́n fẹnu kò lé e lórí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. UEFI ni orúkọ rẹ̀, uefi.org sì ni ibùgbé rẹ̀.

Nígbà tí IBM gbé PC jáde ní 1981, BIOS, prógíráàmù kékeré tó wà nínú chip ẹ̀rọ, ló ń jí ẹ̀rọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù ń farawé ohun tí IBM ṣe, kò sì sí ìwé kan ṣoṣo tó de gbogbo wọn pọ̀. Lápá ìparí àwọn ọdún 1990, Intel ń ṣe processor tuntun kan tó ń jẹ́ Itanium, wọ́n sì rí i pé BIOS àtijọ́ kò ní lè gbé e. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìlànà tuntun tí wọ́n pè ní EFI. Ní 2005 ìlànà yìí bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní UEFI Forum. AMD, Apple, Dell, HP, Lenovo àti Microsoft wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ pẹ̀lú Intel. Àwọn mẹ́ta kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń ra laptop kì í sábà gbọ́ orúkọ wọn: AMI, Insyde àti Phoenix. Àwọn yìí ló ń kọ firmware, ìyẹn prógíráàmù inú chip tó ń jí ẹ̀rọ, tí wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń ṣe laptop. Kóòdù tí wọ́n kọ jẹ́ àṣírí òwò wọn, ìdí nìyẹn tí o fi wá a tì. Ṣùgbọ́n o kò nílò rẹ̀. Gbogbo ìyá tó ń ta gàrí ní ọjà Ìgbọ̀nà ló mọ oko tí ó ti ń ra gàrí tirẹ̀, kò sì ní sọ ọ́ fún ọ, síbẹ̀ kóńgò kan náà ni gbogbo wọn fi ń wọ̀n ọ́n. Kóńgò yẹn ni ìwé UEFI jẹ́. Ohun tí prógíráàmù rẹ bá béèrè lọ́wọ́ laptop HP, ọ̀nà kan náà ni yóò gbà béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Dell, lọ́wọ́ Acer, lọ́wọ́ Lenovo.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, tí ó sì yẹ kí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ohun tí wàá ṣe: laptop fúnra rẹ̀ máa ń sọ irú ìwé tí òun ń tẹ̀lé. Fi fláàṣì Linux èyíkéyìí tan án, ṣí ojú òfìfo tí a ti ń tẹ àṣẹ, kí o tẹ èyí:

sudo dmesg | grep -i efi

Ní òkè pátápátá, wàá rí ìlà kan tó jọ "efi: EFI v2.70 by American Megatrends". American Megatrends ni AMI tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ńbà v2.70 yẹn ń sọ pé ẹ̀rọ náà ń tẹ̀lé ìwé UEFI 2.7, èyí tó jáde ní 2017. Bí o bá rí v2.31, ìwé 2.3.1 tó jáde ní 2011 ni, wàá sì rí ìyẹn lára ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀. Gbogbo ìwé àtijọ́ wọ̀nyí ṣì wà lórí uefi.org, wọn kò pa ọ̀kankan rẹ́. Bí o bá ti rí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ sọ, o ti mọ ìwé tí ó yẹ kí o ṣí. Bí grep kò bá mú ohunkóhun tó jọ ìlà yẹn wá, wo bóyá fódà /sys/firmware/efi wà. Bí kò bá sí, ọ̀nà BIOS àtijọ́ ni ẹ̀rọ náà gbà jí lọ́jọ́ yẹn. Màá padà sórí ìyẹn.

Nípa kíkà rẹ̀. Ìwé náà ju 2,000 ojú ewé lọ, má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà ọ́. Má sì fi dátà rẹ ṣòfò lórí PDF ńlá náà kí o tó mọ ohun tí ò ń wá. Ìwé 2.10, tó jáde ní 2022, wà lórí ìkànnì náà ní orí-orí, tí o lè ṣí ẹyọ orí kan lórí fóònù. Ohun ìpìlẹ̀ tí o nílò kò yí padà láàrin 2.3.1 sí 2.10, nítorí náà ka ti tuntun, kí o sì yẹ ti àtijọ́ wò nígbà tí nǹkan kan bá kọ̀ lára ẹ̀rọ àtijọ́.

Ẹnikẹ́ni kì í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orí 3 ni kí o kọ́kọ́ kà, níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí firmware ṣe ń yan ohun tí yóò jí. Ibẹ̀ ni ìdáhùn sí ìdajì ìbéèrè rẹ wà: bí firmware bá bá fláàṣì kan pàdé, yóò wo inú rẹ̀ bóyá ó jẹ́ FAT, ìyẹn ọ̀nà kan tí a ń gbà to fáìlì sórí fláàṣì, yóò sì wá fáìlì kan tí orúkọ àti ibùgbé rẹ̀ ti wà nínú ìwé. Lára laptop Intel tàbí AMD tó jẹ́ 64-bit, fáìlì náà ni EFI/BOOT/BOOTX64.EFI. Bí ó bá rí i, yóò gbé e wọ mẹ́mórì, yóò sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò béèrè hard disk. Kò béèrè Windows. Àwọn tòkunbọ̀ tí kò ní disk nínú ni ọ̀nà yìí wà fún gan-an.

Ṣọ́ra fún àwọn ẹ̀rọ kéékèèké kan tí wọ́n fi Atom ṣe, tí processor wọn jẹ́ 64-bit ṣùgbọ́n tí firmware wọn jẹ́ 32-bit. BOOTIA32.EFI ni àwọn yẹn ń wá, wọn kò sì ní ka X64 rárá. Fáìlì /sys/firmware/efi/fw_platform_size lórí Linux yóò sọ fún ọ, 64 tàbí 32.

Lẹ́yìn orí 3, ka orí 4. Ó kúrú, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ó ṣàlàyé System Table, ìyẹn tábìlì tí firmware máa ń fi lé prógíráàmù rẹ lọ́wọ́ ní kété tó bá bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ, kíbọ́ọ̀dù rẹ, mẹ́mórì rẹ, inú tábìlì yẹn ni gbogbo wọn wà. Lẹ́yìn náà orí 7 fún Boot Services, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tí firmware ń bá prógíráàmù rẹ ṣe, àti orí 12 fún ojú ẹ̀rọ àti kíbọ́ọ̀dù. Orí 2 ni kí o padà sí nígbà tí o bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń pe iṣẹ́ kan lára processor rẹ. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti fọ́ọ̀mù ìṣètò, fò ó kọjá pátápátá.

Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà kọ gbogbo iṣẹ́ inú ìwé náà: àkótán, bí a ṣe ń pè é ní C, ohun tí a ń fún un, àlàyé, àti níkẹyìn, tábìlì èsì tó lè dá padà. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ máa ń ka àlàyé, wọ́n á sì fo tábìlì èsì. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Tábìlì yẹn ló máa sọ fún ọ bóyá ìwọ lo fún un ní ohun tí kò tọ́, tàbí ẹ̀rọ náà ni kò ní ohun tí o béèrè. Kí o sì fi ojú sí gbogbo ibi tí ìwé bá ti fún ẹni tó ṣe ẹ̀rọ láyè láti yàn, torí ibẹ̀ gan-an ni laptop kan ti máa ń yàtọ̀ sí òmíràn.

Prógíráàmù àkọ́kọ́ kò ju èyí lọ:

#include <efi.h>

EFI_STATUS EFIAPI efi_main(EFI_HANDLE h, EFI_SYSTEM_TABLE *st)
{
    st->BootServices->SetWatchdogTimer(0, 0, 0, NULL);
    st->ConOut->OutputString(st->ConOut, L"E kaabo\r\n");
    st->BootServices->Stall(5000000);
    return EFI_SUCCESS;
}

Fáìlì efi.h wá láti inú gnu-efi, tó wà lára ohun tí Ubuntu àti Debian ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. Fi gcc-mingw-w64-x86-64 kún un, torí irú fáìlì tí UEFI ń fẹ́ jẹ́ irú ti Windows, tí wọ́n ń pè ní PE. Àṣẹ tó ń sọ kóòdù di fáìlì nìyí:

x86_64-w64-mingw32-gcc -ffreestanding -nostdlib -I/usr/include/efi -I/usr/include/efi/x86_64 -Wl,-dll -shared -Wl,--subsystem,10 -e efi_main -o BOOTX64.EFI yewo.c

Nọ́ńbà 10 yẹn ló ń sọ fún firmware pé prógíráàmù UEFI ni. Bí o bá gbàgbé rẹ̀, firmware kò ní gbà á wọlé.

Ìlà àkọ́kọ́ nínú kóòdù yẹn ṣe pàtàkì fún irú iṣẹ́ tìrẹ. Kí firmware tó bẹ̀rẹ̀ prógíráàmù rẹ, ó máa ń ta aago ìṣọ́ kan fún ìṣẹ́jú 5. Bí ìṣẹ́jú 5 bá pé tí prógíráàmù rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ yóò ṣàdédé pa, yóò sì tún ara rẹ̀ tàn. Ẹni tó ń yẹ RAM wò fún ìdajì wákàtí yóò rò pé laptop ló bàjẹ́, yóò sì dá ọjà tó dára padà fún ẹni tó tà á. SetWatchdogTimer pẹ̀lú òdo ló ń pa aago yẹn. Orí 7 ni wọ́n ti kọ ọ́.

Wàá rí i pé mo kọ "E kaabo" láìsí àmì. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán ni ìwé náà pa láṣẹ pé kí gbogbo firmware lè kọ. Kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni pé kó ní ẹ, ọ àti ṣ tiwa, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ní in. Ó dùn mí, torí mo fẹ́ kí atúnnǹkanṣe l'Óṣogbo lè ka èsì ẹ̀rọ ní èdè rẹ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́. Ọ̀nà àbáyọ wà: o lè ya àwọn lẹ́tà náà fúnra rẹ, kí o kùn wọ́n sójú ẹ̀rọ pẹ̀lú Graphics Output Protocol, èyí tó wà ní orí 12. Bí o bá ṣe é, jọ̀wọ́ gbé e síta kí àwọn ẹlòmíì lè lò ó.

Kí o tó gbé e sórí laptop ẹnikẹ́ni, dán an wò nínú QEMU, prógíráàmù tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà rẹ. Kóòdù UEFI kan wà tí gbogbo ayé lè kà, EDK II ni wọ́n ń pè é, àwọn èèyàn TianoCore ló ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ di firmware fún QEMU, OVMF ni orúkọ ìyẹn. Fi BOOTX64.EFI sínú fódà kan ní ọ̀nà EFI/BOOT, ká ní "idanwo" ni orúkọ fódà náà, kí o tẹ:

qemu-system-x86_64 -bios /usr/share/ovmf/OVMF.fd -net none -drive format=raw,file=fat:rw:idanwo

Láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ wàá rí ọ̀rọ̀ rẹ lójú ẹ̀rọ. Inú EDK II náà ni mo máa ń rán èèyàn lọ nígbà tí ìwé ìlànà kò bá yé wọn. Orúkọ tó wà nínú ìwé ni wọ́n lò nínú kóòdù, láìyí ọ̀kan padà. Bí àlàyé orí 7 lórí mẹ́mórì bá dojú rú fún ọ, wá GetMemoryMap nínú EDK II, kí o wo bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń pè é.

Ó yá, ká wá sórí ohun mẹ́rin tí o fẹ́ yẹ̀ wò.

Ojú ẹ̀rọ ló rọrùn jù. Nínú Graphics Output Protocol, iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Blt, o sì lè ní kí ó fi àwọ̀ kan ṣoṣo kun gbogbo ojú. Kun ún ní pupa, àwọ̀ ewé, búlúù, funfun, dúdú, kí o máa dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wàá fi tẹ bọ́tìnì kan. Ojú tó ti kú níbì kan yóò hàn kedere. Ìwé náà to àwọ̀ rẹ̀ báyìí: búlúù ló ṣáájú, lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé, kí ó tó kan pupa. Bí pupa rẹ bá yọ ní búlúù, má tú ojú laptop, kóòdù rẹ ni kí o tún wò.

Kíbọ́ọ̀dù fẹ́ sùúrù díẹ̀. Simple Text Input lásán kì í sọ fún ọ bí ẹni kan bá tẹ Shift tàbí Ctrl nìkan. Lo Simple Text Input Ex, tó wà ní orí 12 kan náà, kí o sì ka ohun tí wọ́n kọ nípa EFI_KEY_STATE_EXPOSED, nítorí òun ló ń jẹ́ kí firmware ròyìn àwọn bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ níbi tó bá ti gbà. Bọ́tìnì Fn kì í sábà dé ọ̀dọ̀ rẹ, inú ẹ̀rọ kékeré tó ń darí kíbọ́ọ̀dù ló máa ń parí sí. Má kọ "Fn ti bàjẹ́" sójú ẹ̀rọ nítorí pé o kò gbọ́ ìró rẹ̀.

Iye RAM kò sí nínú ìwé UEFI bí o ṣe fẹ́ ẹ. GetMemoryMap yóò sọ àyè mẹ́mórì fún ọ, ṣùgbọ́n ohun tí oníṣòwò fẹ́ mọ̀ ni iye igi RAM tó wà nínú ẹ̀rọ, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó àti bó ṣe ń yára sí. Ìwé mìíràn ló ni ìyẹn, SMBIOS, ọ̀fẹ́ ni òun náà, ẹgbẹ́ DMTF ló ń tọ́jú rẹ̀ lórí dmtf.org. Firmware ń kọ tábìlì SMBIOS sínú mẹ́mórì, ó sì ń fi ibi tó wà hàn nínú Configuration Table tí orí 4 sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nínú SMBIOS, Type 1 ni orúkọ ẹ̀rọ àti nọ́ńbà rẹ̀, Type 4 ni processor, Type 17 sì ni igi RAM kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú mẹ́ta yìí, o ti lè mọ̀ bóyá ohun tí ẹni tó ń tajà kọ sára laptop bá ohun tó wà nínú rẹ̀ mu.

Bátìrì ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni wàá ti jìyà bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún ọ. Type 22 wà nínú SMBIOS fún bátìrì, ìwọ yóò sì rò pé o ti rí ohun tí ò ń wá. Ohun tí ó ń sọ ni agbára tí wọ́n fi ṣe bátìrì nígbà tó jẹ́ tuntun. Kò sọ ohun tó kù nínú rẹ̀ lónìí. Èyí tó kù wà lábẹ́ ìlànà mìíràn, ACPI, tí UEFI Forum náà ti ń tọ́jú láti 2013. Nínú rẹ̀, _BIF àti _BIX ló ń sọ agbára tí bátìrì gbà nígbà tó kún gbẹ̀yìn, _BIX sì tún ń sọ iye ìgbà tí wọ́n ti gba iná sí i. Ìṣòro rẹ̀ ni pé èdè kan tó ń jẹ́ AML ni wọ́n fi kọ wọ́n sínú firmware, o sì gbọ́dọ̀ ní ohun tó lè ka AML kí o tó lè pè wọ́n. ACPICA tí Intel gbé síta lè ṣe é, ṣùgbọ́n fífi í sínú prógíráàmù kékeré bíi tìrẹ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o yọ bátìrì kúrò nínú prógíráàmù rẹ. Fi Linux kékeré kan sórí fláàṣì kejì. Nínú /sys/class/power_supply, wàá rí energy_full àti energy_full_design, tàbí charge_full àti charge_full_design lára ẹ̀rọ mìíràn. Fi èkíní wé èkejì, o ti rí bí bátìrì ṣe gbó tó.

Ìwé kan ṣoṣo wà tí ẹni tó ṣe laptop ní tí o nílò, o sì ti rí i láìmọ̀. Ìwé bí a ṣe ń tú ẹ̀rọ tí o sọ yẹn, tí HP ń pè ní Maintenance and Service Guide, tí Lenovo sì ń pè ní Hardware Maintenance Manual fún ThinkPad, wúlò fún ọ ju bí o ṣe rò lọ. Fi nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ wá a, orúkọ tó wà lójú ẹ̀rọ nìkan kò tó. Òun, tàbí ìwé oníbàárà tó bá a rìn, ni yóò sọ bọ́tìnì tí a ń tẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ Dell, F2 fún ìṣètò, F12 fún yíyan ibi tí ẹ̀rọ yóò ti jí. Lára HP, F10 fún ìṣètò, F9 fún yíyan. Lenovo sábà máa ń lo F12 fún yíyan, àwọn IdeaPad mìíràn sì ní ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń pè ní Novo. F12 ti Acer kì í ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn àfi bí o bá kọ́kọ́ wọ F2 lọ tàn án. Bí orúkọ fláàṣì rẹ bá yọ lẹ́ẹ̀mejì níbi yíyan, èyí tó ní UEFI níwájú ni kí o mú.

Nínú ìṣètò yẹn ni Secure Boot wà. Bí ó bá wà ní títàn, firmware kò ní gba prógíráàmù tí ẹni tó gbà gbọ́ kò fọwọ́ sí, tìrẹ kò sì ní ìfọwọ́sí. O ní láti pa á kí o tó yẹ ẹ̀rọ wò, kí o sì tún un tàn lẹ́yìn náà. Ohun méjì ni kí o ṣọ́ níbí. Ìkíní kan gbogbo ẹni tó ń ra tòkunbọ̀: púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹ̀rọ ọ́fíìsì nílùú òyìnbó, àwọn ọ́fíìsì náà sì ti fi pásíwọ́ọ̀dù ti ìṣètò. Wọ inú ìṣètò níwájú ẹni tó ń tà á, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Bí ó bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù, o kò ní lè pa Secure Boot, oníbàárà rẹ náà kò sì ní lè ṣe é lọ́la, kí iye rẹ̀ wálẹ̀ nítorí ìyẹn. Ìkejì kan laptop oníbàárà tó ṣì ní Windows nínú. Bí BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti fáìlì pa, bá wà lórí rẹ̀, yíyí Secure Boot padà lè mú kí Windows béèrè kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà tó gùn gbọọrọ nígbà tó bá tún jí. Bí oníbàárà kò bá ní kọ́kọ́rọ́ yẹn, fáìlì rẹ̀ ti há sínú nìyẹn. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó fọwọ́ kàn án.

Nípa chip BIOS tí ọ̀gá yẹn sọ, mi ò sọ pé irinṣẹ́ náà kò dára. CH341A, ọ̀kan lára irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wúlò fún jíjí laptop tí BIOS rẹ̀ ti kú, ó sì yẹ kí atúnnǹkanṣe ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n prógíráàmù tìrẹ kò ní ohunkóhun ṣe nínú chip yẹn. Láti nǹkan bíi 2013, lára processor Intel ìran kẹrin lọ sókè, ohun kan wà tó ń jẹ́ Boot Guard. Ibi tí ẹni tó ṣe laptop bá ti tàn án, ẹ̀rọ yóò yẹ apá àkọ́kọ́ firmware wò, ẹ̀rọ mìíràn kò sì ní jí rárá bí ẹnì kan bá ti yí apá náà padà. Àwọn chip kan ń gba 3.3V, àwọn mìíràn 1.8V, ẹni tó fi 3.3V kan ti 1.8V lè pa á. Kí lo fẹ́ wá lọ síbẹ̀, nígbà tí fláàṣì lásán ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, tí o sì lè fà á yọ nígbàkígbà?

Ní irú ọ̀nà yẹn náà, má jẹ́ kí prógíráàmù rẹ kọ ohunkóhun sínú ibi ìpamọ́ firmware tí wọ́n ń pè ní NVRAM. Orí 8 ṣàlàyé SetVariable, ó sì máa ń wu èèyàn láti dán an wò. Ní 2013, wọ́n rí i pé àwọn laptop Samsung kan lè kú pátápátá bí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá pọ̀ jù. Ìwé sọ pé kò yẹ kí ó ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ ó ṣẹlẹ̀. Lórí laptop tí kì í ṣe tìrẹ, kíkà nìkan ni kí o máa ṣe.

Mo sọ pé màá padà sórí BIOS àtijọ́. Bí ẹ̀rọ tó ti gbó gan-an bá dé ọwọ́ rẹ, ìwé kan ṣoṣo kò sí fún un. Ó ń ka 512 báìtì àkọ́kọ́ lórí dísíìkì sí 0x7C00 nínú mẹ́mórì, báìtì méjì tó gbẹ̀yìn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 0x55 àti 0xAA. Àkójọ ńlá tí àwọn èèyàn ń lò fún ìyókù ni Ralf Brown's Interrupt List. Mi ò ní gbà ọ́ níyànjú láti lo àkókò lórí rẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń dín kù lọ́jà, fláàṣì Linux yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ.

Bí o bá fẹ́ rí irú ohun tí ò ń kọ lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣe é, ṣí kóòdù Memtest86+. Láti ẹ̀dà 6 tó jáde ní 2022 ló ti ń jí lábẹ́ UEFI, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba. Ó ka SMBIOS, ó ka mẹ́mórì, ó ya nǹkan sójú ẹ̀rọ, ìyẹn ohun mẹ́ta nínú ohun tí o fẹ́. Gba UEFI Shell láti inú EDK II pẹ̀lú, sọ orúkọ rẹ̀ di BOOTX64.EFI lórí fláàṣì mìíràn, kí o fi tan laptop. Tẹ ver, yóò sọ nọ́ńbà ìwé tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé fún ọ láìsí Linux. Tẹ memmap, wàá rí mẹ́mórì bí firmware ṣe rí i. Tẹ dh, yóò to gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà ní sílẹ̀, wàá sì mọ̀ bóyá Graphics Output wà níbẹ̀ kí o tó kọ ìlà kóòdù kan.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹ̀rọ nìkan. Bí ìyẹn bá ṣiṣẹ́ nínú QEMU tí ó kọ̀ lórí laptop kan, fi ìlà efi tó wà nínú dmesg ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti èsì tí Blt dá padà, ká jọ wo ohun tí ìwé sọ nípa rẹ̀.